Tanwíji àti Àgbá Májèlé

Ní ọdún 1978, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, wolé-wolé wọ agbo-ilé wa ní Ìbàdàn. Ó ṣí àmù ìyá bàbá mi, ó tẹjú mọ́ omi inú rẹ̀, ó sì rí tanwíji. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ bẹ ọmọkùnrin tí ó tó ọmọ bíbí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìpẹ̀jọ́ ni ọmọkùnrin náà já lé e lọ́wọ́. Ó san owó ìtanràn ní kóòtù. Títí ó fi kú, kò fẹ́ kí a mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó gbà pé òun ti di arúfin.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1988, mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà tí ìròyìn Koko gbòde. Èbúté ni Koko, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tí ó ti di ara Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Àwọn oníṣòwò láti Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá síbẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n sí àgbàlá ọkùnrin kan tí wọ́n ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún lóṣooṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà ní Ítálì ni ó ta ilé lólobó. Nígbà tí a wá òfin tí ó dárúkọ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní pàtó, a kò rí i. Lẹ́yìn tí májèlé ti dé ni ìjọba ológun ṣe Òfin 42 ti ọdún náà, tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìjìyà rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: òfin ti mọ orúkọ tanwíji tipẹ́, kò tí ì mọ orúkọ àgbá. N kò sọ pé ìyá àgbà kò jẹ̀bi. Tanwíji níí di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn níí fa ibà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pinnu ohun tí a ó pè ní ọ̀ràn? Ní 1939, Edwin Sutherland, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn tí ń ṣèwádìí ọ̀ràn dídá ń wo tálákà, wọ́n ń fojú fo ibi tí àwọn ẹni iyì ń ṣe nídìí òwò wọn. Ọ̀rọ̀ Koko kò yàtọ̀.

Nígbà náà, àwọn ènìyàn ń pa á lówe pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé ni wọ́n ń bá wí. Èmi rí i pé òwe náà dá ẹni tí ó gbé epo sí ju bí ó ti yẹ lọ.

Síbẹ̀, èdè wa ti ní orúkọ kan kí òfin tó dé. Ẹni tí ó bá da ilẹ̀ ni à ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, a sì gbà pé yóò bá ilẹ̀ lọ. Lónìí, ẹni tí ó da ọ̀rẹ́ nìkan ni a ń fi orúkọ náà pè. Ìgbà wo ni a gbàgbé ilẹ̀ fúnra rẹ̀?