ÈÉDÚ TÍ À Ń DÁNÁ NÍ FOREST HILL

Ìgbà ooru ni èéfín ẹran sísun máa ń gba ẹ̀yìn ilé kan ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a ń gbé Forest Hill kì í gbẹ́yìn níbẹ̀: a ó ra ẹran àti èédú ní Rye Lane ní Peckham, a ó sì koná. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ bi ara wa lónìí: níbo ni èédú náà ti ń wá?

Nígbà kan rí, àdúgbò wa yìí gan-an ni ì bá jẹ́ ìdáhùn. Igbó tí wọ́n ń pè ní Great North Wood ló bo àwọn òkè wọ̀nyí títí dé ìhà Croydon. Ibẹ̀ ni Forest Hill àti Norwood ti rí orúkọ. Wọ́n ń gé igi rẹ̀ sun ní èédú fún Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń sun èédú ní Croydon sì lókìkí. Nígbà tí èédú ilẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú igi, tí ilé sì gba ilẹ̀, igbó náà di àjẹkù. Sydenham Hill Wood àti Dulwich Wood wà lára ohun tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì ń tọ́jú wọn bí ẹyin.

Èédú ìsunran tó ń wọ Ìlú Ọba nísinsìnyí, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Namibia àti South Africa. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó ti bo pápá màlúù ni wọ́n ń gé ní Namibia, koríko a sì tún rí àyè hù. Jámánì àti Poland ń ra tiwọn láti Ukraine, láti Paraguay, àti láti Nàìjíríà wa. Ní ti àwọn Lárúbáwá etí òkun Gulf, Somalia ni wọ́n ti ń kó o, títí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi fòfin dè é ní oṣù kejì ọdún 2012, nítorí owó rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ Al-Shabaab. Ẹ rí i pé orúkọ kan náà ni èédú ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò dọ́gba.

Tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí yóò rí àpò èédú létí títì. Igi àyin, igi apá àti igi òrí ni wọ́n ń gé. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á sì ti iná bọ̀ ọ́. Igi kílò 5 sí 10 ló ń lọ sí èédú kílò kan. Igi òrí a sì máa lo nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kó tó so. Ìyá tó ń fi òrí rán ọmọ lọ sílé ìwé kò ní rí i ṣà mọ́.

A kò bú ẹni tó ń sun èédú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, gáàsì sì ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìyá wa nílé. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń kó ránṣẹ́ sókè òkun kò se ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ògùn. Àríyá ni wọ́n ń fi í ṣe níhìn-ín.

Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣe òfin ní ọdún 2023 pé kí olówò èédú fi hàn ibi tí wọ́n ti gé igi rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlú Ọba kò sí nínú wọn mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa ka ara àpò kí á tó sanwó. Bí kò bá sí orúkọ ìlú kankan níbẹ̀, kí á bi ọlọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ igbó àti ọ̀gbìn, iṣẹ́ ń dúró dè yín nílé. Igi gànnàkù gànnàkù má gùn wá lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè náà la sì wà yìí.