FÍÌMÙ ARSENAL ÀTI ỌMỌ TÓ SÙN LÓRÍ KÍBỌ́Ọ̀DÙ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni bọ́ọ̀lù. Ní Lánlátẹ̀ tiwa níbí, ariwo ilé ìwo bọ́ọ̀lù ló máa ń sọ fún mi pé Arsenal ti gbá wọlé. Àbígbẹ̀yìn mi ló dé láti Ìbàdàn, ó ní, "Dádì, ẹ wá wo nǹkan kan." Iná ò sí lálẹ́ ọjọ́ náà, bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ la fi wò ó. All or Nothing: Arsenal ni wọ́n pè é, apá mẹ́jọ ni. August 2022 ló ti jáde lórí Prime Video, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá nìkan ni wọ́n fi hàn. Wọ́n gbé kámẹ́rà wọ yàrá tí àwọn àgbábọ́ọ̀lù ti ń wọ jẹ́sì, jálẹ̀ sáà 2021 sí 2022. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ ò lè gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn. Brentford nà yín 2-0, Chelsea nà yín 2-0, Manchester City nà yín 5-0. Ẹ ò gbá ẹyọ kan wọlé, ẹ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà yẹn, gbogbo ilé ìwo bọ́ọ̀lù ló mọ ohun tó yẹ kí kóòṣì ṣe. Mikel Arteta nìkan ni kò mọ̀!

Àmọ́ nínú fíìmù yìí, mo rí i bó ṣe ń wá ọgbọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ bá Liverpool ní Anfield, ó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí etí pápá ìdánrawò, ó ń fi orin àwọn ará Liverpool dí àwọn ọmọ rẹ̀ létí, kí ariwo ọ̀hún má baà dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n débẹ̀, wọ́n jẹ 4-0. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ wo ọ̀gá bíi tèmi, tó múra sílẹ̀ tí kò sì bọ́ sí i.

Ó máa ń bínú o. Ó máa ń bá wọn wí, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn á wà ní títì. Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, ṣebí kámẹ́rà wà níbẹ̀?" Òótọ́ ni. Àmọ́ líìgì ti parí ní May kí fíìmù tó jáde ní August. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ gbóná, àwọn tó kàn ló gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi. Nítorí èmi ò ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday yẹn, ẹ rí i. Ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sùn lọ nígbà tí mò ń wàásù, orí rẹ̀ já lu kíbọ́ọ̀dù, ó dún gbàà! Mo fi máíkì pè é dìde. Mo ní ẹ̀mí oorun wà lára rẹ̀. Mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìwàásù á fi parí. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, a ò rí i mọ́.

Ẹ tún wo Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London. July 2021, ní Wembley, òun ló gbá pẹnáritì ìkẹyìn fún England, aṣọ́lé Italy sì mú un. Ọmọ ọdún 19 ni. Wọ́n bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bú àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó padà sí Arsenal, wọ́n mú un lọ wo ògiri kan tí wọ́n lẹ lẹ́tà àwọn olólùfẹ́ mọ́, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ìta ló bú Saka, ilé ló gbé e ró. Ọmọ tèmi, inú ilé gan-an la ti bú u.

Bíbélì tí mò ń kà lójoojúmọ́ náà sì ti sọ ọ́ fún mi, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Eutiku sùn nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù títí dé ọ̀gànjọ́, ó ṣubú láti àjà kẹta. Pọ́ọ̀lù ò pè é ní ẹlẹ́mìí oorun. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

Èmi náà sọ̀kalẹ̀. Mo bi èèyàn léèrè, wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí fún mi. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, omi ẹ̀gẹ́ rin aṣọ rẹ̀ gbindin. Àṣé iṣẹ́ òru ló fi ń wá owó ilé ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí. Láti ibẹ̀ ló ṣe gba ṣọ́ọ̀ṣì wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò délé. Ọdún kejì rèé tó ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa, mi ò bi í rí pé báwo ló ṣe ń jẹun.

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo dì í mú. Mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi, má bínú." Ó ní, "Dádì, ó ti tán lọ́kàn mi," ṣùgbọ́n kò wojú mi.

Ó wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Wednesday, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Kò tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Mi ò ní fipá mú un.

Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, ó ní kí n má dárúkọ òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ rẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ wá bébà, ẹ kọ lẹ́tà sí i, kódà kó jẹ́ ìlà méjì. Ẹ gbé e fún mi, màá mú un lọ fún un. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, a ó sọ ti owó ilé ìwé rẹ̀ nígbà tá a bá jókòó, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ta lẹ ti fi máíkì bá wí? Ẹ wá a lọ lálẹ́ yìí.

Olúwa á dárí jì wá, kò ní tú àṣírí wa. Àmín.