Ọ̀kadà Àgọ́-Àrẹ: ariwo kọ́ lagbára

Ẹni tó bá sùn sí Àgọ́-Àrẹ, níjọba ìbílẹ̀ ATISBO, lẹ́bàá ọ̀nà Ṣakí, kò dìgbà tí àkùkọ bá kọ kó tó jí. Ọ̀kadà ló ń jí èèyàn níbẹ̀. Òun ló ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko láàárọ̀, òun náà ló ń kó iṣu àti gbágùúdá bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n bíi ti ìlú mìíràn, àwọn ọlọ́kadà kan á ní kí mẹkáníìkì yọ inú sàléńsà dànù, kó lè máa bú bíi mọ́tò ìdíje. Wọ́n ní á sáré sí i.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o! Àwọn tó ń tún mọ́tò ìdíje ṣe máa ń wọn gígùn àti fífẹ̀ páìpù, kí èéfín tó ń jáde lè fa ìyókù lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ tuntun ráyè wọlé. Wọ́n á sì tún iye epo tó ń wọlé wọ̀n. Ẹni tó yọ sàléńsà tí kò fọwọ́ kan kabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ju epo lọ. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, fáàfù lè jóná.

Bí ọ̀kadà bá wá dákẹ́ sáàárín igbó, ariwo àná ò lè gbé iṣu dé ọjà.