Orúkọ Bàbá Mi Nínú Firísà

Aṣọ ni mo kọ́kọ́ rà. Kí n tó kọ ìlà kan ṣoṣo tó ṣe é tẹ̀ jáde, mo ti ra ànkárá fún ẹbí àti àwọn ará àdúgbò wa ní Wulari. Mo ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo ti pe ìyá mi lórí fóònù pé orúkọ bàbá wa ti wọ ìwé àgbáyé.

Irọ́ ni. Kò tíì wọ ibì kankan.

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí niṣẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo ń tọ́ sọ́nà gbé omi òkun láti Badagry wá sí Maiduguri, ìlú tí òkun jìnnà sí bí ọ̀run. Ó gbìn ín sórí oúnjẹ oníyọ̀, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò òkun kì í hù níbi tí kò bá sí iyọ̀. Ọ̀kan hù tí kò jọ àwọn yòókù. A fi ègé kan nínú DNA rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 16S, ránṣẹ́ síta pé kí wọ́n bá wa kà á. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ní bí ìjọra ègé náà mọ́ ti àwọn tí a ti mọ̀ bá dín sí nǹkan bí ìdá 94.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdílé tuntun pátápátá. Tiwa dín díẹ̀. Kì í ṣe ará ìdílé Vibrio tó bí kòkòrò onígbáméjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ara àwọn tó múlé gbè é.

"Tiwa" ni mo kọ yìí. Nígbà náà, "tèmi" ni mò ń sọ.

Ìlànà ìsọmọlórúkọ àwọn kòkòrò yìí gba onímọ̀ níyànjú pé kó má fi orúkọ ara rẹ̀ sọ wọ́n. Mo ní kò burú, bàbá mi ni mo fi sọ ọ́, mo so ìrù Látìn mọ́ ọn. Orúkọ tí bàbá mi ń jẹ́ lèmi náà ń jẹ́. Ta ni mò ń tàn?

Ìlànà náà tún ní kí wọ́n fi kòkòrò ọ̀hún, láàyè, pamọ́ sí ilé ìpamọ́ méjì ní orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá Kànúrí kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní lábù rọ̀ mí títí. "Dókítà, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Jámánì, ẹ fi ìkejì ránṣẹ́ sí Japan. Ẹ má gbára lé firísà yìí." Mo ní àwọn òyìnbó á jí i gbé. Mo wá ń pìtàn Filippo Pacini fún un, onímọ̀ kan ní Florence tó rí kòkòrò onígbáméjì ní 1854 tí ayé kò kà á sí, tí òkìkí wá bọ́ sọ́wọ́ Robert Koch ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. 1965 ni ìgbìmọ̀ ìsọmọlórúkọ tó dá ẹ̀tọ́ padà fún Pacini, òun sì ti kú láti 1883. Bí mo ṣe pìtàn náà dùn tó, n kò rí ìdí rẹ̀: Pacini ti tẹ tirẹ̀ jáde. Kò fi í sínú firísà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà béèrè pé, "Sà, ṣé orúkọ tèmi náà á wà níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kìíní 2021, àwọn Boko Haram fọ́ òpó iná tó wọ Maiduguri. Nígbà tó di òpin oṣù Kẹta, iná tàn fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tún fọ́ ọ. Ẹ má torí mi dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn pọ̀ tó láìsí tèmi. Jẹnẹrétọ̀ wà. Owó epo ló di ànkárá.

Mo ṣí firísà. Ó ń rùn. A gbin ìyókù sórí oúnjẹ oníyọ̀. Kò hù. A tún un gbìn. Èébu nìkan ló hù.

Gbèsè náà mo san, ó pẹ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ náà ni n kò tíì san. Ó padà sí etí òkun Badagry, ó bu omi níbi tó ti bù ú tẹ́lẹ̀, kò rí kòkòrò náà mọ́. Ó fi omi kànga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti gboyè lọ. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. Ì bá bú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní nǹkan tuntun nípamọ́ lónìí, mo mọ ohun tí ẹ ń rò: ẹ fẹ́ kó pé, kó dán, kó jẹ́ tiyín nìkan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ní 2022, ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ SeqCode jáde, tó ń fi DNA lódindi rọ́pò kòkòrò alààyè. Ayọ̀ bá mi. Mo sáré lọ ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo fáìlì wa.

DNA lódindi ni wọ́n ń béèrè. Ègé kan péré ni mo sanwó fún.