Níbo Ni Omi Ẹ̀gbin Yín Ń Lọ?

Ní alẹ́ kejì tí mo dé sí ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Accra, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ. A po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, à ń fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ títí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà béèrè pé, "Omi wo ni ọmọ yìí mu?" Ẹ̀gbọ́n mi ní omi inú ọ̀rá ni àwọn ń rà fún mímu, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kò yọ láti ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ ti bu omi kànga mu. Ìbéèrè kejì ni ó yà mí lẹ́nu: "Báwo ni sókàwéè yín ṣe jìnnà sí kànga náà tó?"

Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn nínú wa. Nígbà tí a padà délé, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré. Sókàwéè aládùúgbò tí ó wà lẹ́yìn ògiri tilẹ̀ sún mọ́ kànga náà ju tiwa lọ.

Ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kà ní yunifásítì. A kọ́ nípa òfin orílẹ̀-èdè, nípa ìdìbò àti nípa agbára. Kò sí olùkọ́ tí ó sọ fún wa pé ibi tí ìgbẹ́ ará ìlú ń lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Accra ni mo ti kọ́ ọ.

Láti odò Densu, ní Weija, ni púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ti ń wá. Kí Densu tó dé Weija, ó ti gba Koforidua àti Nsawam kọjá, ó sì ti ko ohun tí àwọn ìlú wọ̀nyí dà sí i. Kí irú omi bẹ́ẹ̀ tó ṣeé mu, a ó fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe nínú ìkòkò. A ó sẹ́ ẹ nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni a ó fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí omi bá ṣe dọ̀tí tó ni owó tí a ó ná lé e lórí yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀gbin tí ará òkè kò tọ́jú, ará ìsàlẹ̀ ni yóò san owó rẹ̀.

Nígbà tí ara ọmọ náà balẹ̀, mo rìn lọ sí James Town. Ọ̀dọ̀ ara wa ni mo lọ. Ìtàn sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti Allada, ní ilẹ̀ Benin òde òní, láti kọ́ odi James ní 1673, ni wọ́n tẹ àdúgbò Alata dó níbẹ̀. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn ará Ghana wá ń pe àwa Yorùbá. Ìdílé wa wà lára àwọn tí ìjọba Busia lé kúrò ní Ghana ní 1969. Àwọn kan padà lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú wọn.

Ní James Town yìí, létí ọ̀sà Korle, ni ibi ìtọ́jú omi ẹ̀gbin Mudor wà. Wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 2000. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó omi ẹ̀gbin sínú àgbá ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí kò nílò afẹ́fẹ́ yóò ti jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Kò pé ọdún mélòó kan tí ó fi dá iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí kò sí àbójútó. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní Korle Gonno tí kò jìnnà síbẹ̀, ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ ń tú ẹrù wọn sínú òkun tààrà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará ìlú fi ibẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Lavender Hill, òkè òdòdó olóòórùn dídùn. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ṣí ibi ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀.

Kí ó tó di ìgbà náà, àrùn onígbáméjì ti jà. Ní 2014, ènìyàn 28,975 ni ó mú ní Ghana, ó sì pa 243 nínú wọn. Agbègbè Accra ni ó ti jà jù lọ.

Èé ṣe tí Mudor fi kú láìsí ariwo? Nítorí pé olóṣèlú a máa gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ẹ̀rọ omi tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ àgbá ìgbọ̀nsẹ̀. Àwa olùdìbò kì í sì í béèrè. Bí omi bá ti yọ, a pàtẹ́wọ́. Ibi tí ó gbà lọ lẹ́yìn tí a lò ó tán kò kàn wá.

Kí a má fi Ghana ṣe yẹ̀yẹ́ o. Láti odò Ògùn, ní Akute, ni Èkó ti ń fa omi lọ sí Ìjú, Abẹ́òkúta sì ni odò náà kọ́kọ́ gbà kọjá. Ní 2024, àrùn onígbáméjì kan náà jà ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa mọ̀ pé ìṣèlú ni omi: nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará Èkó, Dókítà Randle àti Dókítà Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti takò ó. Ta ni yóò sanwó, ta ni yóò sì jàǹfààní? Ohun tí wọ́n ń bi ìjọba nìyẹn. Ó kù kí àwa fi ẹ̀kẹta kún un: níbo ni omi ẹ̀gbin ń lọ?

Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù; ẹni tó da ẹ̀gbin síwájú náà yóò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí olùdíje bá tún ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún yín, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè tí dókítà bi wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń sáré kiri báyìí, wọ́n sì ti fi pákó bo kànga náà. Sókàwéè aládùúgbò ṣì wà níbi tí ó wà.