Ngúrù, Ìlú Tí Ẹyẹ Ń Ti Òkè Òkun Wá Kí

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, a ó máa ráhùn. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìlú kékeré kan ní Òkè Ọya, níbi tí ó jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ gan-an ni wọ́n ń gba àlejò. Ngúrù ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Yòbè, kò sì jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè Niger. Àwọn àgbà oníṣòwò wa mọ orúkọ náà, nítorí pé ní 1930 ni ojú irin ti Kánò dé ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí.

Òjò kì í pẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń rọ̀, ó sì di àmọ́dún. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, oòrùn a mú tó bẹ́ẹ̀ tí ooru fi ń ju 40 lọ lójú ìwọ̀n Sẹ́ísíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá, ọyẹ́ a gbé eruku aṣálẹ̀ wá, òwúrọ̀ a sì tutù. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ pípe ìrun, mo mọ ohun tí àsúbà ibẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn: omi inú búútà dà bí yìnyín, bí a ti ń ṣe àlùwàlá ni eyín ń gbá ara wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn, igi rẹ̀ kò ga. Ẹ ó rí igi osè àti dóńgóyárò, àti igi ẹlẹ́gùn-ún tí oje ara rẹ̀ ń dì bí gọ́ọ̀mù. Oje yìí ni àwọn Málàámù máa ń pò mọ́ dúdú ẹ̀ẹ́dú láti fi ṣe tàdáà tí wọ́n fi ń kọ wàláà. Ọ̀pẹ kan tún wà tí Haúsá ń pè ní goríba. Àwọn obìnrin ń fi imọ̀ rẹ̀ hun ẹní, àwọn ọmọ sì ń họ èso rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù lọ ni omi. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ yìí ni odò Hadéjà àti odò Jamá'árè ti tàn kálẹ̀ di adágún àti àbàtà, kí wọ́n tó para pọ̀ di odò Yòbè tí ó ń lọ sí adágún Ṣáàdì. Ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ẹyẹ ń dé. Pẹ́pẹ́yẹ igbó kéékèèké ń ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà wá, wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà láìní máàpù, láìní ìwé ìrìnnà. Wọ́n a bá lékeléke àti àkọ̀ tí ń bẹ nílé. Bí gbogbo wọn bá gbéra lẹ́ẹ̀kan, ariwo ìyẹ́ wọn dà bí òjò lórí páànù. Subuhánà-llọ́ọ̀hì! Ní Dágónà, níhà Gáṣúà, ìjọba ya adágún kan sọ́tọ̀ fún wọn. Ní 2000 ni a sì ka adágún Ngúrù mọ́ àwọn ilẹ̀ omi tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé.

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni àwọn àgbẹ̀ ń kí káàbọ̀ o. Èyí tí wọ́n ń pè ní jan baki, ẹyẹ kíún ẹlẹ́nu pupa, bí ọ̀wọ́ rẹ̀ bá bà sí oko ọkà, ẹkún ni fún olóko.

Ìbànújẹ́ ibẹ̀ rèé. Ní àwọn ọdún 1960, ẹ̀kún odò a máa bo ilẹ̀ tí ó ju 2,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn náà ni a fi ògiri sé omi lókè, ní Tígà ní 1974, àti ní Chállawá ní 1992. Àwọn ará Kánò náà ní láti mu omi, kí wọ́n sì bomi rin oko, a kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kún náà dín kù kò tó ìdajì. Odò tí ó máa ń kún, tí ó sì máa ń gbẹ, wá di èyí tí omi díẹ̀díẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ tọ̀sán tọ̀ẹ̀rùn. Èyí ni koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní kachalla ń fẹ́. Ó gbilẹ̀, ó dí ojú odò. Apẹja kò rí ọ̀nà fún ọkọ̀ rẹ̀, obìnrin tí ń yan ẹja àrọ̀ tà kò rí ẹja tó bí i ti tẹ́lẹ̀, àyè àwọn ẹyẹ náà sì ń fún. Ọ̀dọ́ a tọ̀ bọ inú omi, a máa fi àdá gé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gé e ni ó ń hù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀nà ti rí, nítorí wàhálà àwọn agbébọn ti dé ìpínlẹ̀ náà. Kí ó lọ láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì, kí ó mú aṣọ òtútù dání, kí ó sì jí dé etí omi kí oòrùn tó là.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹni tí ó wà lókè odò, kí ó rántí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ yín tí ó ń da omi nù nídìí àlùwàlá, ẹ sọ ìtàn Ngúrù fún un. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilé wa di ibi tí àlejò yóò dé tí kò ní rí omi mu. Àmín.