Ọjọ́ Mẹ́rin ní Ilẹ̀ Òkun

Ó ti pẹ́ tí a ti ṣèlérí pé a ó kọ nípa ìrìn-àjò wa sí agbègbè Kàbà, ìdánwò ni kò jẹ́ kí a ráyè. Fún àwọn tí kò bá mọ̀, Òkun tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Ìkíni ni. Bí ènìyàn méjì bá pàdé lọ́nà oko, "Òkun o" ni wọn ó fi kí ara wọn, ìkíni yìí náà ni a sì fi ń pe gbogbo wọn pọ̀: Owé tó ni Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Kogí ni gbogbo wọn wà.

Àwa márùn-ún ni a lọ. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Owé, ìyá bàbá rẹ̀ sì ń gbé ní Ayéwa títí di òní. Ó tó ọdún mẹ́ta tí a ti jọ ń kàwé kí a tó gbọ́ kí ó sọ ẹ̀ka-èdè rẹ̀, orí fóònù sì ni, lọ́jọ́ tí màmá náà pè é. Gbogbo yàrá dákẹ́. Àwa tí a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé Yorùbá Àríwá Ìlà-Oòrùn ni wọ́n pín Owé sí, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni ó yé wa. Ohun tí màmá ń sọ ni pé ara òun kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu òun, kí ó má pẹ́ kí ó tó wá.

Àwọn òbí wa kò kọ́kọ́ gbà. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ṣe rí lójú ọ̀nà lóde òní. A ṣèlérí pé ọ̀sán gangan nìkan ni a ó rìn, a ó sì máa pè ní gbogbo ìlú tí a bá dé. Láti Ìlọrin ni a ti wọ bọ́ọ̀sì, a gba Ọ̀mù-Àrán, a gba Ẹ̀gbẹ̀, a dé Ìsánlú. Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ní kí gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀ nítorí Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú tó kọ ìwé tó gba ẹ̀bùn Penguin ní ọdún 2010, tó sì bá jàm̀bá bàálù Ethiopian Airlines lọ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọdún 2019. Dírẹ́bà ò mọ ìdí tí a fi dákẹ́, ó pa rédíò fún wa. A kọjá Mọ̀pà, a kọjá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, òkè sì ń tẹ̀lé wa lọ́tùn-ún lósì títí a fi wọ Kàbà.

Òkè náà lẹ́wà, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Òkúta ńláńlá tó dúdú, tí òjò ti fọ̀ tó ń dán, igi wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, oko iṣu ní ìsàlẹ̀. Fọ́tò tí a yà kò níye. Àmọ́ àwọn àgbà tí a bá pàdé kì í fi òkè ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ibi ààbò ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà a máa ya wọ ìlú wọn, wọn a kó ènìyàn lẹ́rú, wọn a gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹṣin kì í gun òkúta, nítorí náà àwọn ènìyàn gbé ilé wọn lọ sókè. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja, Kàbà ni wọ́n kọ́kọ́ kọrí sí nítorí pé ibẹ̀ ni ogun Nupe pàgọ́ sí, kí wọ́n tó lọ kọlu Bídà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìlú sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ogun ni ó kọ́kọ́ kó ènìyàn dé agbègbè yìí. Ní ihò àpáta Itaakpa, ní Ìfẹ̀-Ìjùmú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ọmọ Ìfẹ̀-Ìjùmú kan náà ni Ade Obayemi, onímọ̀ ìtàn tó tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ìlú kéékèèké bíi ti ilẹ̀ Òkun ti wà káàkiri kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde. Bí a bá ń kọ́ ìtàn Yorùbá láti Ilé-Ifẹ̀ sí Ọ̀yọ́ nìkan, a ń fo ojú ewé tó pọ̀.

Kàbà fúnra rẹ̀ kò jọ ibi tí ọba kan ṣoṣo ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Ọbaro ni olórí, ṣùgbọ́n Ọbadọ́fin àti Ọbajẹmu wà pẹ̀lú rẹ̀, oyè sì tún wà ní ìpele ìpele lábẹ́ wọn. Bàbá kan tó mú wa rìn yíká ọjà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa tó ìgbà méjì. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ó tó yé wa.

Ayéwa ni a sùn. Kọfí ni a kọ́kọ́ rí, tí wọ́n sá sí iwájú ilé. Kọfí àti kòkó ti pẹ́ ní agbègbè yìí, pàápàá lọ́nà Ìyámoyè. Màmá ti ń tà á láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó ilé, kò sì mu ife kan rí láyé rẹ̀. A po Nescafé oníṣáṣẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kàwé lóru fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó wò wá lójú, ó ní ṣé nítorí èyí ni àwọn òyìnbó ṣe ń wá a kiri.

Lẹ́yìn ilé, òfì àwọn obìnrin, èyí tó dúró mọ́ ògiri, ṣì wà níbẹ̀. Adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀. Ìyá màmá, tó jẹ́ ará Bùnú, ni ó ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Elisha Renne tó jáde ní ọdún 1995 mọ̀ nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń sin àwọn olóyè ńlá. Màmá sọ pé ojú òun rí i nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń yà bọ̀ wá sílé. Nígbà tí a béèrè nípa Ofósì, ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin tó ní èdè tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó bi wá bóyá iṣu tí a jẹ tó wa. A ò tún béèrè mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni a fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn ìdílé, àlọ́, orúkọ àwọn odò. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà nínú ilé jókòó tì wá. Ó ń bá wọn sọ Owé, Yorùbá ti orí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn tó dàgbà fi ń dá a lóhùn, àwọn kéékèèké ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Kò bínú sí i. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí a kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí gbogbo ènìyàn lè kà á, kí ó sì bá àkọtọ́ mu. Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Owé fárí gá. Ó ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a pa ẹ̀rọ. Ó ní láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá ti jáde lódindi ní ọdún 1884 ni àwọn ènìyàn òun ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ṣé ọ̀rọ̀ ìyá òun náà tún ni a fẹ́ sọ di ti ẹlòmíràn? Ohùn lọ sókè, màmá sì gbọ́.

Ó ní kí a ka méjèèjì fún òun. A kọ́kọ́ ka ti àjùmọ̀lò. Ó fetí sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní ó dára, pé bí pásítọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa wá ka ti Owé. Kò tíì ka ìlà mẹ́ta tí màmá fi dá a dúró: kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe wí i. Ó tún dá a dúró. Nígbà tó fi máa parí, màmá ti fi ìtàn tí kò sọ tẹ́lẹ̀ kún un, orúkọ ènìyàn méjì ti jáde tí bàbá ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí.

Àríyànjiyàn parí síbẹ̀. Owé ni a kọ, àlàyé ní Yorùbá àjùmọ̀lò wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, àwa náà sì wà lára wọn.

Ọ̀rẹ́ wa ti fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó o béèrè pé ta ni yóò kà á. Ó dáhùn pé àwọn àbúrò òun ni, bí àwọn àgbà bá lè kọ́ wọn. Wọ́n ní kí ó mú orí kìíní wá ná.

Ohùn tó kù tí a kò tíì kọ jáde jẹ́ nǹkan bí wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí a kò rí ìtumọ̀ fún, gbogbo wọn dá lórí òfì, màmá sì ní kí a dúró de ìgbà tí òun bá rí òwú, òun ó fi hàn wá. A ti ra òwú. Bí ìsinmi bá dé, tí ọ̀nà sì dára, a ó gbé e lọ.